Kí ló lè ba àwọn tray inú kọ́lọ́ọ̀mù jẹ́ nígbà tí wọ́n ń tan ẹ̀ka ìfọpo padà?

Ẹ ní látìgbà tẹ́ ẹ ti tan kọ́lọ́ọ̀mù (òpó onírin gíga tí wọ́n ti ń ya epo sọ́tọ̀, tí àwọn tray, ìyẹn pẹpẹ onírin, wà nínú rẹ̀ ní ìpele-ìpele) padà lẹ́yìn àtúnṣe, kẹrosíìnì àti dísẹ́ẹ̀lì ò yà sọ́tọ̀ dáadáa mọ́, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ ìfúnpá láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè rẹ̀ ti já wálẹ̀. Omi ni mo kọ́kọ́ fura sí.

Níbi tí ìfúnpá ò ti pọ̀, omi tó bá di ooru máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po 1,600. Omi díẹ̀ tí epo gbígbóná bá ká mọ́ inú páìpù ti tó láti ṣí tray kúrò lórí ìjókòó rẹ̀. Páìpù pọ́ńpù kejì, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì lò, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wádìí. Ibẹ̀ lomi sábà máa ń sá sí, tí wọ́n bá sì yí sí pọ́ńpù yẹn báyìí, ó di gbàù!

Ẹ má tíì sáré ṣí kọ́lọ́ọ̀mù o. Gamma scan, ìyẹn ìtànṣán tí wọ́n fi ń wo inú kọ́lọ́ọ̀mù, á fi tray tó ti ṣubú hàn láti ìta. Ẹ tún wo àkọsílẹ̀ ìfúnpá ọjọ́ yẹn, ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú: tó bá fò sókè lójijì, ìgbà yẹn ló ṣeé ṣe kí tray ti ṣí.

Tẹ́ ẹ bá wá ṣí i, tray tó tẹ̀ sókè, ooru omi ló tì í láti ìsàlẹ̀. Èyí tó tẹ̀ wálẹ̀ ńkọ́? Ẹ béèrè bóyá epo ti bò ó mọ́lẹ̀ rí, tí wọ́n wá sáré fa epo náà kúrò nísàlẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó tún tan án, ẹ fa omi kúrò ní gbogbo ibi tó rẹlẹ̀, kẹ́ ẹ sì rọra mú epo gbóná.