Ìfun Ló Ń Yọ Mí Lẹ́nu, Kí Ló Kan Eegun?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Obìnrin ẹni ọdún 42 ni mí, Peckham nílùú London ni mò ń gbé. Àrùn Crohn, èyí tó ń mú kí ìfun wú kó sì degbò, ló ń bá mi jà, wọ́n tiẹ̀ ti gé díẹ̀ nínú ìfun kékeré mi. Láàárín ọdún méjì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fún mi ní prednisolone, oògùn sitẹ́rọ́ìdì tó ń mú kí ìfun tó wú rọlẹ̀, mo sì ṣì ń lò ó. Wọ́n wá ní kí n lọ ya àwòrán eegun. Eegun kankan kò dùn mí, nǹkan oṣù mi sì ń wá déédéé. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kúkú pa oògùn náà tì. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ má pa á tì lójijì. Bí èèyàn bá ti lò ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ara lè ti dẹwọ́ nínú pípèsè irú sitẹ́rọ́ìdì bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Èébì, òòyì àti àárẹ̀ lè dá ẹni tó já a lójijì wó, ó sì lè gba ẹ̀mí. Dókítà ni kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Òótọ́ ni pé prednisolone ń ba eegun jẹ́. Kì í jẹ́ kí ara mọ eegun tuntun bó ṣe yẹ, ó sì ń mú kí a máa tọ calcium (èròjà tó ń mú eegun le) dànù. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́ ló ń ṣọṣẹ́ jù. Ẹni tó bá ń lo miligíráàmù 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ eegun ti kàn án.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín kò rò ni pé àìsàn náà gan-an ń jẹ eegun. Nígbà tí ìfun bá wú tó ń degbò, ohun tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi jà ló ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń wó eegun jí. Ẹni tí kò gbé prednisolone mì rí pàápàá kò bọ́. Ẹ bi dókítà nípa oògùn tó lè kápá àìsàn náà pẹ́ títí, irú bí azathioprine tàbí adalimumab.

Ìfun tí wọ́n gé tún ń dín vitamin D tó ń wọlé kù, òun ló sì ń jẹ́ kí ara gba calcium. Oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì tó fún awọ dúdú wa: NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, ní kí àwa aláwọ̀ dúdú rò ó láti máa lo máíkírógíráàmù 10 lójoojúmọ́ jálẹ̀ ọdún. Tiyín lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Bí ẹ bá ń mu sìgá, tí ẹ ti rù, tàbí tí ìtan òbí yín ti kán rí, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, torí ó kan ọ̀rọ̀ eegun náà.

Calcium tó miligíráàmù 1,000 lójúmọ́ ni kí ẹ lépa. Ìdajì lítà wàrà ní bíi 600. Bí wàrà bá ń da inú yín rú, ẹ jẹ sadíìnì inú agolo teegunteegun. Bó bá jẹ́ oògùn calcium, ẹ má lo ju 500 lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì fi wákàtí méjì sáàárín òun àti oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin, torí wọ́n ń dí ara wọn lọ́nà.

Ẹ lọ ya àwòrán náà. Eegun tó ń joro kì í dunni títí yóò fi kán. Ẹ kàn máa dùbúlẹ̀ ni, kò sí abẹ́rẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí nǹkan oṣù yín kò tíì dúró, Z-score (tó ń fi eegun yín wé ti ẹgbẹ́ yín) ni kí ẹ bèèrè, kì í ṣe T-score (tó ń fi í wé ti ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ dá): bó bá jẹ́ -2 tàbí tó relẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, eegun yín kéré sí ti ẹgbẹ́ yín.