Ojú ọmọ pọ́n, ó sì ń rẹ̀ ẹ́: ṣé kí n fún un ní ìyẹ̀fun Ayurveda?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 15, London là ń gbé. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń rí i pé funfun ojú rẹ̀ ń pọ́n bí ìyeyè. Tó bá ti ilé ìwé dé, orí àga ló ń sùn lọ sí, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Màmá mi nílé ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni, kí n wá àgbo. Obìnrin ará Íńdíà kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wá fún mi ní ìyẹ̀fun kan nínú ike, ó ní oògùn Ayurveda, ìṣègùn ìbílẹ̀ àwọn ará Íńdíà, ni, òun ni ìyá òun fi tọ́jú àwọn. Kò sí orúkọ kankan lára ike náà. Ṣé kí n fún un? — Ìyá Ọlámidé

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn ọmọ o, Ìyá Ọlámidé. Ẹ má tíì fún un. Lónìí ni kẹ́ ẹ pe GP (dókítà ìdílé) yín, kẹ́ ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ pé ojú ọmọ ti pọ́n láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí wọ́n bá ní kò sáàyè, ẹ pe 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera. Tó bá wá ń sọ̀rọ̀ kántankàntan, tó sùn tí kò ṣe é jí, tó ń bì léraléra, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tí inú ń run ún gidigidi, A&E (ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ilé ìwòsàn) ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, ì báà jẹ́ lóru.

Kẹ́ ẹ tó pè, ẹ mú un lọ sídìí fèrèsé lọ́sàn-án. Iná inú ilé ń tanni jẹ. Kó wòkè, kẹ́ ẹ wá fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀. Tí funfun tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí oòrùn kì í dé, bá pọ́n, ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àbàwọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ló wà láàárín ojú nìkan, àwọ̀ tó wà lójú ọ̀pọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú nìyẹn, ó wà lójú èmi náà. Ẹ wo inú ìpéǹpéjú yẹn pẹ̀lú: tó bá funfun, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Kó má sì tíì fi omi ṣan ìtọ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí i. Ìtọ̀ tó dúdú bíi kóòkì àti ìgbẹ́ tó funfun bí ẹ̀kọ kì í ṣe ohun tá a fi ń jáfara.

Ibi tí pípọ́n yẹn ti ń wá rèé. Ẹ̀jẹ̀ pupa kọ̀ọ̀kan ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ lára. Tó bá kú, gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ tó pọ́n ni ẹ̀dọ̀ ń kó, tó sì ń dà sínú ìfun pẹ̀lú òróòro. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń kú jù, tí ẹ̀dọ̀ bá ń ṣàìsàn, tàbí tí ọ̀nà òróòro bá dí, ojú á pọ́n. Àmì ni pípọ́n ojú. Àrùn tó fà á ló yẹ ká mọ̀.

Fún ọmọ Yorùbá, genotype ni mo kọ́kọ́ ń béèrè. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ SS kì í lò ju ọjọ́ mẹ́wàá sí ogún lọ. AS kì í mú ojú pọ́n. Tó bá jẹ́ nílé lẹ ti bí i, ẹ má gbára lé ìwé tí wọ́n fi wọ ilé ìwé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Lẹ́yìn ìyẹn ni àìtó G6PD (èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa), tí kò ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ọkùnrin wa: káńfọ̀ inú àpótí aṣọ, làálì, tàbí oògùn ibà kan lè mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣàdédé máa fọ́. Bó bá jẹ́ pé ó lọ sílé láìpẹ́, ẹ sọ fún dókítà, nítorí ibà ẹ̀fọn. Àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis náà wà ńbẹ̀. Ti Gilbert, tí ẹ̀dọ̀ ń lọ́ra láti kó gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn, ni kò ní wàhálà: ààwẹ̀ tàbí òtútù lásán lè mú ojú àwọn tó ní in pọ́n, nígbà tí wọ́n bá ń bàlágà ló sì sábà máa ń hàn. Wọn ò nílò oògùn kankan.

Èyí tó ṣọ̀wọ́n tí mi ò lè ṣàìdárúkọ ni àrùn Wilson, torí irú ọjọ́ orí ọmọ yín yìí gan-an ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Bàbà (copper) tó wà nínú oúnjẹ ló ń kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ. Òrùka ràkọ̀ràkọ̀ kan lè yí dúdú ojú ká. Ọwọ́ lè máa gbọ̀n, ìwé kíkọ rẹ̀ á di jágajàga, àwọn tíṣà á ní ó ti ya ọ̀lẹ. Oògùn rẹ̀ wà, tí wọ́n bá tètè rí i.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ rò pé mò ń fojú tẹ́ńbẹ́lú Ayurveda. Ìwé wọn àtijọ́, Charaka Samhita, ti sọ̀rọ̀ àìsàn yìí. Pandu ni wọ́n ń pe kí ara ṣì, kamala ni wọ́n ń pe kí ojú, awọ àti èékánná pọ́n bí ata ilẹ̀ pupa, kí àwọ̀ ara dà bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, kí okun tán. Wọ́n tiẹ̀ mọ oríṣi tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń rí bíi yànmọ̀tí tí wọ́n lọ̀, èyí tí ọ̀nà òróòro dí. Ìṣunú ni ìtọ́jú wọn, pẹ̀lú àwọn ewé. Ọ̀kan nínú ewé náà, bhumyamalaki, ọmọ ìyá ẹ̀yìn olóbe wa ni! Ó lè jẹ́ ohun kan náà ni Màmá nílé àti obìnrin yẹn ń sọ láìmọ̀. Ìwádìí kan láti Madras, tó jáde nínú The Lancet lọ́dún 1988, ní ẹ̀yìn olóbe lé hepatitis B kúrò lára èyí tó ju ìdajì àwọn tó lò ó. Àwọn tó tún un dán wò níbòmíì ò rí irú ẹ̀.

Ike tí kò lórúkọ ló ń bà mí lẹ́rù. Àwọn oníṣègùn Ayurveda tún máa ń lo eérú irin àti eérú bàbà, tí wọ́n ń pè ní bhasma. Tó bá jẹ́ Wilson ló ń ṣe ọmọ yín, tẹ́ ẹ wá fún un ní eérú bàbà ńkọ́? Ẹni tó jẹ́ SS tí wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, irin ti pọ̀ lára rẹ̀ jù tẹ́lẹ̀. Àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà yẹ 193 oògùn Ayurveda tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2008: nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ló ní òjé, mákúrì tàbí májèlé arsenic nínú. Òjé fúnra rẹ̀ ń dín ẹ̀jẹ̀ kù, ó sì ń múni rẹ̀. Giloy, ewé tí wọ́n ń lò gan-an ní Íńdíà, ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́ ní Mumbai lọ́dún 2020. Ẹ má sì fún un ní àgbo, pàápàá èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ.

Ẹ má da ìyẹ̀fun náà nù o. Ẹ gbé e dání lọ sọ́dọ̀ dókítà, kẹ́ ẹ sì bi obìnrin yẹn ní orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, inúure ló fi ṣe é. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ Ọlámidé láti mọ iye ẹ̀jẹ̀, bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, genotype, G6PD àti hepatitis. Tí wọn ò bá dárúkọ Wilson, ẹ̀yin ẹ bi wọ́n. Wọ́n á tún bi yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí i àti gbogbo oògùn tó ti lò láti ìgbà náà, títí kan paracetamol, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́ òní. Kẹ́ ẹ sì bi Ọlámidé fúnra rẹ̀, níbi tí àwọn ẹlòmíì ò sí, bóyá ó ti gbé nǹkan mì tí kò sọ fún yín.