Èsì: Akọ tòlótòló tó ń dáhùn àmọ́ tí kì í sún mọ́ni

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní bí ẹ ṣe ń dọdẹ tòlótòló igbó, akọ ń dáhùn ìpè yín tó ń ṣe bí ohùn abo, àmọ́ ó ń dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Nígbà ìrúwé, abo ló sábà máa ń tọ akọ lọ. Ó ń retí kí abo wá bá òun ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín tó mú ìbọn jókòó síwájú, kí ẹ máa pè láti nǹkan bí 30 yáàdì lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí akọ náà bá dúró sí á ti bọ́ síwájú ìbọn. Kí ọmọ yín má yí ìbọn padà sẹ́yìn láé, torí ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀!

Ẹ fẹ̀yìn ti igi tó fẹ̀ ju èjìká lọ. Ẹ má wọ pupa, funfun tàbí búlúù, àwọ̀ orí akọ nìyẹn. Ọdẹ mìíràn lè ṣì yín yìn. Bí akọ náà bá jìnnà ju 40 yáàdì lọ, kí ọmọ yín má yìn ín. Ọrùn ni kó fojú sùn, torí ìyẹ́ àyà nípọn.