Ẹ Bèèrè, Ẹ Gbọ́: Rédíò Orin Kíláásíkà Tá A Fẹ́ràn Ti Ń Sú Wa

Láti bí oṣù méjì báyìí, lẹ́tà lórí rédíò FM kan ló ń wọlé ṣáá, èyí tó ń gbé orin kíláásíkà, orin onínóòtù, fún wa ní Abẹ́òkúta níbí. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí kì í ṣe ìjà la wá jà, a fẹ́ kí nǹkan wọn padà dáa ni. Mo mú mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà náà.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, olóòtú, ó ti lé ní ọdún 11 tí mo ti ń gbọ́ rédíò yìí. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, mo sì tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fún ọdún 30 kí ìka mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í le, àtìgbà tí mi ò sì ti lè tẹ̀ ẹ́ mọ́, rédíò yẹn ló kù tí mo fi ń tu ara mi nínú. Tó bá ti di aago mẹ́jọ alẹ́, tí ìyá àwọn ọmọ bá ti gbé ẹ̀kọ wá, màá fa àga mi sún mọ́ fèrèsé torí ibẹ̀ ló ti ń mú dáadáa. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ní símfónì kẹsàn-án ti Beethoven làwọn fẹ́ lò, wọ́n á lò ó tán, apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní báyìí ibi tí gbogbo ayé mọ̀ nìkan ni, ìṣẹ́jú mẹ́rin, wọ́n á gé e, ó di ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Orin tí wọ́n lò láàárọ̀ náà ni wọ́n á tún lò lálẹ́, wọn ò sì dárúkọ ẹni tó kọ ọ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni ti ọjọ́ Àjíǹde tó kọjá. Wọ́n ní Messiah ti Handel làwọn fẹ́ lò, odindi. Mo gbé ìwé mi jáde, èyí tí mo fi kọ́ kwáyà láyé ijọ́sí, tí etí rẹ̀ ti jẹ, mo wọ awò ojú mi, mò ń fi ìka tẹ̀ lé e. Ó dé Hallelujah. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó kù díẹ̀ kó parí, ibì kan wà tí gbogbo ohùn máa ń dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wẹ́lo, kí wọ́n tó wá fa èyí tó gbẹ̀yìn. Ibi ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wọn ki ẹnu bọ̀, "ẹ ṣeun o, ẹ ṣì wà pẹ̀lú wa o," bí Hallelujah tó kù ṣe lọ sábẹ́ ohùn ẹ̀ nìyẹn, ìpolówó sì tẹ̀ lé e, wọn ò sì padà sí apá kẹta. Mo pa ìwé dé. Ìyàwó mi ní kí ló dé, mi ò lè dá a lóhùn. Ṣé àgbà ló ti dé sí mi ni, àbí nǹkan ti bàjẹ́ lóòótọ́? Ṣé kí n kúkú pa á tì?
*Bàbá Atẹdùùrù, Ìjẹùn*

Ìdáhùn: Bàbá wa, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín, nígbà tí mo sì dé ibi tẹ́ ẹ ti pa ìwé dé, omi lé sí mi lójú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbà rárá sà. Nǹkan ti bàjẹ́ lóòótọ́, etí yín ṣì gbọ́ ọ ni.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó ká èmi lára jù níbẹ̀. Messiah yẹn, tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sétí ìgbọ́ aráàlú ní Dublin ní 1742, apá mẹ́ta ló ní, Hallelujah ló parí apá kejì. Orin wo ló wá ṣí apá kẹta? "Mo mọ̀ pé Olùdáǹdè mi ń bẹ láàyè." Ọ̀rọ̀ Jóòbù ni, ọ̀rọ̀ Àjíǹde gan-an! Ọjọ́ Àjíǹde ni wọ́n sì gé e síbi tí orin àjíǹde ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Tẹ́nì kan nílé iṣẹ́ yẹn bá mọ orin tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ohun tó fà á ò ṣókùnkùn. Owó ni àkọ́kọ́. Tí NEPA ò bá mú iná wá, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé ẹ̀rọ tó ń fọ́n ohùn wọn káàkiri, kò sì gbọdọ̀ kú, owó dísù sì ti kọjá ohun tá à ń fẹnu sọ. Ìpolówó ló ń san án. Símfónì tó ń lọ bí 70 ìṣẹ́jú, ibo ni wọ́n fẹ́ ki ìpolówó bọ̀ nínú ẹ̀? Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ orin oníṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin, àyè rẹpẹtẹ ló wà láàárín wákàtí kan. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn, ilé iṣẹ́ tí ò rówó san dísù ò ní lo Handel kankan fún wa.

Èkejì ni ẹ̀rọ. Lọ́pọ̀ ilé iṣẹ́ rédíò báyìí, kọ̀ǹpútà ló ń to orin, wọ́n sì máa ń so nǹkan kan mọ́ ọn tó ń ṣọ́ ìdákẹ́jẹ́, tí ohùn bá ti dákẹ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n fún un, á gbà pé nǹkan ti já, á ju jíńgùlù tàbí orin mìíì sí i. Ó wúlò fún ètò ìròyìn, kò sì ní pa fújì lára torí fújì kì í dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ wà lára orin kíláásíkà, wọ́n kọ ọ́ síwèé ni, bí onídùndún ṣe máa gbé kọ̀ǹgọ́ sókè, tí gbogbo agbo á dá etí sí i, kó tó sọ èyí tó fẹ́ sọ. Ẹ tún wá fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún ohùn pọ̀ kún un, èyí tó ń gbé ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sókè tó sì ń tẹ ohùn ńlá mọ́lẹ̀ kí onímọ́tò tó ń lọ ní Lafẹ́ńwá lè gbọ́ ọ láàárín fèrè ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí dùùrù fi ń dún bákan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì mọ ní Abẹ́òkúta. Rédíò orin kíláásíkà WQXR ní New York, tó ti wà láti 1936, ìwé ìròyìn New York Times ló ni ín títí di 2009 tí wọ́n gbé e sílẹ̀, ló bá kúrò lórí 96.3 bọ́ sórí 105.9, agbára ibẹ̀ ò sì tó ti tẹ́lẹ̀, àwọn arúgbó tó ti ń gbọ́ ọ láti kékeré wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ṣììì níbi tí orin wà tẹ́lẹ̀. WETA ní Washington tiẹ̀ pa orin kíláásíkà rẹ́ pátápátá ní 2005, ó ní ìròyìn àti ọ̀rọ̀ sísọ lòun fẹ́ máa ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o, ní oṣù kìíní 2007 ó padà sídìí orin ẹ̀! Torí náà rédíò lè ṣìnà kó sì tún padà, mo ti rí i.

Ẹ má pa á tì sà. Ẹni tó bá dákẹ́ pa rédíò tì, wọn ò ní mọ̀ pé ó lọ, ẹni tó ń pè wọ́n lórí fóònù nìkan ni wọ́n ń kà. Ẹ kọ lẹ́tà, kó má jẹ́ "ètò yín ò dáa mọ́" o, ìyẹn ò ní ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ aago, ẹ kọ orin, ẹ kọ ibi tí wọ́n gé e sí, bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ sí mi yìí gẹ́lẹ́. Ẹ mú èèyàn mẹ́rin márùn-ún dání lọ bá máníjà wọn, ẹ wọ agbádá lọ, kí wọ́n rí i pé àwọn bàbá ló wá. Nǹkan kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ béèrè fún: alẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí wọ́n á lo orin látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ìpolówó wà ṣáájú kó sì wà lẹ́yìn. Ẹ wá bá ẹgbẹ́ kwáyà ṣọ́ọ̀ṣì yín àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde sọ ọ́ kí wọ́n gbé owó alẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé wọ́n ń náwó jù bẹ́ẹ̀ lọ sórí aṣọ ẹbí.

Ìbéèrè: Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́. Adìrẹ ni mò ń ṣe, mi ò kàwé jìnnà, ṣùgbọ́n rédíò yẹn ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí mo bá ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ ẹ̀kọ sára aṣọ, torí orin wọn máa ń jẹ́ kí ọwọ́ mi balẹ̀, tọ́wọ́ ò bá sì balẹ̀ ọnà á wọ́. Bàbá kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó máa ń fi Yorùbá ṣàlàyé ẹni tó kọ orin àti ìdí tó fi kọ ọ́. Wọn ò lo bàbá yẹn mọ́, èébó nìkan ni wọ́n ń sọ, ẹ̀rín ni wọ́n sì ń fi í rín. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé kò sí ọmọ Yorùbá kankan tó kọ irú orin yìí ni?
*Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú*

Ìdáhùn: Ìyá wa, ó wà, ó sì pọ̀! Tẹ́ ẹ bá rìn láti Ìtòkú lọ sí Aké, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan. Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fela, ló ṣe àlùfáà ní St Peter's, Aké, ó sì gbé orin ìyìn lédè Yorùbá lọ sí London láwọn ọdún 1920, ó kọ wọ́n sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Fela Sowande náà wà, ọmọ tí wọ́n bí ní 1905, tó kọ African Suite fún fáólìn àti àwọn ẹbí ẹ̀ ní 1944. Apá tó gbẹ̀yìn nínú ẹ̀, Akinla lorúkọ ẹ̀. Ní Kánádà, ètò rédíò kan wà nígbà kan rí tí wọ́n ń pè ní Gilmour's Albums, Akinla yìí ni wọ́n fi ń ṣí i fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí òyìnbó bá ti gbọ́ orin ọmọ Yorùbá yìí nígbà náà, á mọ̀ pé ètò òun ti bẹ̀rẹ̀. Rédíò tiwa níbí, mo ti ń dá etí sí i tipẹ́, mi ò tíì gbọ́ ọ lórí ẹ̀ rí. Ó dùn mí gan-an, torí Sowande fúnra ẹ̀ ṣe ọ̀gá ẹ̀ka orin nílé iṣẹ́ rédíò ìjọba nígbà tó padà sílé láwọn ọdún 1950.

Ayọ̀ Bánkọ́lé wà, tó kú ní 1976 láì tíì pé ọmọ ogójì ọdún ó lé méjì. Akin Euba wà, tó kú ní 2020, tó kọ orin dùùrù tẹ́ ẹ máa gbọ́ bí ẹni pé ìlù ló ń lù. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọn ò sí nínú àwo, ìwé ọwọ́ lásán ni, ó yẹ ká fẹ́ wọn síta. Àti bàbá tó ń fi Yorùbá ṣàlàyé yẹn, ẹ bá wa dárúkọ ẹ̀ fún wọn tẹ́ ẹ bá pè wọ́n, ẹ ní ẹ fẹ́ ẹ padà. Àlàyé kékeré kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló ń mú ẹni tí ò kàwé àti ẹni tó tẹ dùùrù jókòó sídìí rédíò kan náà.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ní Amẹ́ríkà ní kí n gbàgbé tibí, kí n máa gbọ́ tọ̀hún lórí fóònù. Ṣé dátà mi ò ní tán?
*Olólùfẹ́ orin, Àdátán*

Ìdáhùn: Tí wọ́n bá ń gbé e wá ní 128 kilobit ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, bí 58 MB ló máa jẹ láàárín wákàtí kan, tó bá jẹ́ 64 á jẹ ìdajì ìyẹn. Ẹ lè gbọ́ ọ, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn gbàgbé tibí o, rédíò Washington ò lè kéde ọjọ́ tí kwáyà Aké fẹ́ kọrin.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni mí, mi ò ní sọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ètò orin òyìnbó ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ láìkọ́ mi ní nǹkan kan, orúkọ tó wà níbẹ̀ ń fọ́ mi lẹ́nu, àwọn àgbàlagbà ń pè láti bú mi. Mo fẹ́ ṣe é dáadáa o. Báwo ni kí n ṣe é?
*Ọmọ Rédíò, Pánṣẹ́kẹ*

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o ṣeun tó o kọ̀wé. Ìbéèrè tìẹ ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ẹ̀. Ti orúkọ ò le tó bó o ṣe rò, ẹnu Yorùbá ti ní ọ̀pọ̀ nínú ìró yẹn tẹ́lẹ̀. Chopin, má pè é ní "Ṣópíìnì" mọ́, "Ṣopẹn" ni, ẹn tó wà nínú "ìyẹn" gẹ́lẹ́ ló wà níbẹ̀. Bach, pè é ní "Báàkì", kò sẹ́ni tó máa bú ẹ. Kọ wọ́n sínú ìwé kékeré kan báyìí pẹ̀lú àmì, bí wọ́n ṣe ń dún létí wa, kó o pè wọ́n sókè kó o tó wọlé síbi máíkì. Tí bàbá kan bá pè láti ṣàtúnṣe, dúpẹ́, kó o sì bi í pé orin wo ló fẹ́ràn jù, kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Má sì sọ̀rọ̀ lórí orin. Tí ohùn bá dákẹ́, má tíì fọwọ́ kan máíkì, wo iye ìṣẹ́jú àáyá tó kù lójú kọ̀ǹpútà, tó bá ṣì ń kà, orin ò tíì tán. Tó bá tán náà, ka ení dé àrùn-ún nínú ẹ kó o tó lanu. Kó o wá sọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́, àwọn tó kọrin, kó o tún un sọ ní Yorùbá fún ìyá tó ń kọ adìrẹ ní Ìtòkú. Lẹ́yìn oṣù kan, kọ̀wé sí mi, sọ fún mi iye àwọn àgbàlagbà tó ṣì ń pè láti bú ẹ.