Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n: Kí ni wọ́n ń sọ ní Guangzhou tí nǹkan bá bọ́ lórí èèyàn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, Guangzhou ní China ni aṣọ funfun tí à ń rẹ láró sì ti ń wá. Cantonese ni màmá tó ń tà á fún mi ń sọ. Owó ẹrù tó kọjá bọ́ lórí mi, mo bá fohùn ránṣẹ́ pé “mong gei” (mo gbàgbé), bí mo ṣe rí i nínú ìwé. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Kí ló yẹ kí n sọ? Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, kò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ o. Inú ìwé àti orin ni “mong gei” ń gbé. Lẹ́nu ọjà, “m gei dak” ni, ìyẹn “mi ò rántí”, òun náà ni wọ́n sì ń lò fún “mo gbàgbé”. Tó bá ti bọ́ lórí yín pátápátá, ẹ fi “zo” tì í.

Ohùn mẹ́fà ni Cantonese ní, ṣùgbọ́n dò-re-mí ni ti gbólóhùn yìí: “m” nísàlẹ̀ (ẹ pa ètè dé), “gei” láàárín, “dak” lókè. Ọmọ Ẹ̀gbá tó mọ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ́ kò lè ṣì í pè. “K” ìparí yẹn ló ń dà wá láàmú, a ó ṣáà fẹ́ sọ ọ́ di “daki”. Ẹ há a mọ́ ọ̀fun, ẹ má tú u sílẹ̀.

Àwa a máa ní “mo gbàgbé fóònù sílé”. Ní tiwọn, ohun tí èèyàn fi sílẹ̀ sẹ́yìn, “lau zo” ni. Orúkọ tí kò wá sọ́kàn, “nam m hei”.

Nígbà tí mo ń ra aṣọ ní Zhongda, ọjà aṣọ ńlá tó wà ní agbègbè Haizhu ní Guangzhou, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn jù ni “daai tau ha”: edé olórí ńlá. Ẹni tó ń gbàgbé nǹkan káàkiri ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ má pe màmá yẹn bẹ́ẹ̀ láé! Ara yín ni kẹ́ ẹ fi ṣẹ̀fẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fetí sílẹ̀ o, torí Mandarin, èdè ìjọba China, ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń sọ. Fún màmá yín, “m hou ji si, ngo m gei dak zo” ti tó: ẹ má bínú, mo gbàgbé ni. Kẹ́ ẹ sì fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ lónìí.