Kí Ló Mú Stratocaster Àtijọ́ Wọ́n Tó Bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹnì kan fẹ́ ta jìtá Stratocaster fún mi, ó ní 1964 ni wọ́n ṣe é. Owó tó dá lé e á ra tuntun bíi mẹ́wàá. Kí ló fà á? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ?

Ìdáhùn: Ọdún tó pè yẹn gan-an lowó wà. Leo Fender àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbé Stratocaster jáde ní 1954, ní Fullerton, California. Ní oṣù kìíní 1965, iléeṣẹ́ Fender di ti CBS, iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, ní mílíọ̀nù 13 dọ́là. Èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú ìgbà náà, nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́ Leo, làwọn èèyàn ń wá lójú méjèèjì.

Leo fúnra rẹ̀ kò mọ jìtá ta, nítorí náà ẹnu àwọn onijìtá ló ń gbọ́ sí. Wọ́n ṣàròyé pé etí igi Telecaster, jìtá Fender tó ṣáájú rẹ̀, ń gún àwọn níhà. Ni wọ́n bá gbẹ́ ẹ̀yìn Stratocaster àti ibi tí apá ń gbé lé, ó wá bá ara mu bí ẹ̀wù. Píkọ́ọ̀pù mẹ́ta, ìyẹn ohun tó ń gba ohùn okùn, ló ní, súìṣì tí wọ́n fi ń yan èyí tó máa ṣiṣẹ́ sì ní ibi ìdúró mẹ́ta. Àwọn onijìtá ló ṣàwárí pé bí wọ́n bá há súìṣì náà sáàárín ibi ìdúró méjì, píkọ́ọ̀pù méjì á jọ sọ̀rọ̀, ohùn á tín-ín-rín, á sì mọ́ kedere. Ohùn yẹn ni mo fẹ́ràn jù lọ lára rẹ̀, síbẹ̀ ó di 1977 kí iléeṣẹ́ tó fi súìṣì onídùúró márùn-ún sí i. Ọwọ́ irin rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ṣe é kí okùn lè máa fà, kó máa yọ̀ bíi ti steel guitar, jìtá tí wọ́n ń fi irin yọ́ lórí okùn rẹ̀. Etí wa mọ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ Demola Adepoju, tó ta pedal steel, irú steel guitar kan, nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé.

Ẹ má gbára lé nọ́ńbà ara irin ẹ̀yìn, níbi tí ọrùn ti so mọ́ ara jìtá. Ìṣó onílílọ́ mẹ́rin péré ló dè é, ẹnikẹ́ni lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tún jìtá ṣe tú ọrùn rẹ̀ lójú yín, kó wá òǹtẹ̀ oṣù àti ọdún nídìí rẹ̀. Kó tún ṣí ike iwájú, kó ka nọ́ńbà tó wà lára kọ́ńtírólù fólúùmù nínú. Bó bá jẹ́ 304 6415, 304 ni iléeṣẹ́ Stackpole tó ṣe é, 64 ni ọdún, 15 ni ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá bá 66 níbẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí jìtá náà má jẹ́ ti 1964 rárá.

Tí ẹ bá sì rà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kùn ún. Ọ̀dà àkọ́kùn rẹ̀, bó ti wù kó họ tó, níyì lójú àwọn olùrà ju ọ̀dà tuntun lọ fíìfíì. Bí ẹni yẹn kò bá gbà kí wọ́n tú u wò, ẹ máa gbé owó yín lọ sílé.