Ṣé ayé ti gbóná ju báyìí lọ rí láti ìgbà tí dáínósọ̀ ti run?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti gbóná ju báyìí lọ dáadáa rí, kó tó wá ń tutù díẹ̀díẹ̀.

Dáínósọ̀ run ní nǹkan bí mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn nígbà tí òkúta ńlá kan já láti ojú ọ̀run lu Mẹ́síkò (ìran ẹyẹ nìkan ló yè nínú wọn), ibẹ̀ làwọn ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́yàn ti ráyè. Ní mílíọ̀nù 56 ọdún sẹ́yìn ooru ayé fi bíi dígírì 5 sí 8 gòkè, nígbà tó yá ìbátan ọ̀nì ń gbé lókè Kánádà lọ́hùn-ún, níbi tó jẹ́ yìnyín lónìí o! Àmọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni ooru yẹn fi gòkè, ooru tó ń gòkè lóde òní yìí yá jù ú lọ.

Ní mílíọ̀nù 34 ọdún sẹ́yìn yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bo Antarctica, ilẹ̀ ńlá tó wà nísàlẹ̀ ayé pátápátá, lẹ́yìn náà koríko gbilẹ̀, ìran ẹṣin wá ní eyín gíga tó lè máa rún un. Láti mílíọ̀nù 2.6 ọdún sẹ́yìn, yìnyín ń wá ó ń lọ lápá òkè ayé, ní ilẹ̀ Áfíríkà tiwa níbí, ọ̀dá ló ń wá tó ń lọ.

Ẹ tiẹ̀ wo ọ̀nà Kétu sí Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀dàn ni ẹ máa rí, ibẹ̀ ni igbó kìjikìji tó wà ní Gánà àti Nàìjíríà ti gé sí méjì, nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn ni òjò dínkù tí igbó yẹn fi ṣí.